Ram 2006 mi àti òkè Monteagle: bí mo ṣe tún ọkọ̀ tí wọ́n ti tune ṣe kó lè máa fa tírélà láìséwu

Kí n kọ́kọ́ sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Dodge Ram 2500 ni, ọdún 2006, ẹ́ńjìnnì Cummins lítà 5.9, sílíńdà mẹ́fà, dísẹ́ẹ̀lì, jíà ẹ̀ jẹ́ automatic oníjíà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní 48RE. Atlanta là ń gbé, iṣẹ́ tí mo sì torí ẹ̀ rà á ò ju ẹyọ kan lọ, kí n máa lọ gbé mọ́tò tí wọ́n ti lò ní Nashville, kí n fi tírélà fà á wálé, kí n tún ibi tó yẹ ṣe lára ẹ̀, lẹ́yìn náà ó di èbúté Brunswick ní Georgia kó wọ ọkọ̀ ojú omi. Tòkunbọ̀ tí ẹ̀ ń rí nílé yẹn, ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn ẹ̀ nìyẹn. Tírélà tí mò ń sọ kì í ṣe tírélà gàgàrà tó ń lọ Apápá o, pẹpẹ onírin ni, ẹsẹ̀ bàtà ogún ní gígùn, táyà mẹ́rin, òun fúnra ẹ̀ wúwo tó 2,000 páùnù lófìfo, ìwé ara ẹ̀ sì sọ pé òun àti ẹrù orí ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 7,000 páùnù lọ.

Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún mi fi tuner kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, ó ní ìpele márùn-ún ló wà lórí ẹ̀, òun sì ti gbé e sí ìkarùn-ún. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Ohun tí mi ò tíì rò ni pé gbogbo iṣẹ́ tuner yẹn ò ju pé kó sọ fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kó fọ́n dísẹ́ẹ̀lì púpọ̀ sí i, kó sì tètè fọ́n ọn. Láti ilé iṣẹ́ ni ẹ́ńjìnnì yìí ti ní 325 horsepower àti 610 pound-feet torque (agbára ìyípo), ìyẹn gan-an kì í ṣe kékeré, 610 yẹn náà sì ni wọ́n fi sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe jíà ẹ̀. Tuner fi kún ẹ́ńjìnnì. Kò fi nǹkan kan kún jíà, kò fi kún bíréèkì, kò fi kún táyà, sítíkà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tó sọ iye tí ọkọ̀ lè gbé ò sì yí padà.

Oṣù Kẹta: ìrìn àjò àkọ́kọ́

Toyota Sienna ni mo gbé ní Nashville, nǹkan bí 4,300 páùnù. Ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí èèyàn bá ń bọ̀ láti Nashville lórí ọ̀nà márosẹ̀ I-24, ó máa gun òkè Monteagle, ní Tennessee níbẹ̀, láti ìhà Pelham, á wá sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà kejì. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni àwọn awakọ̀ tírélà ń bẹ̀rù, ó tó bíi máìlì mẹ́rin, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, 4 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n tiẹ̀ la ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tí ọkọ̀ tí bíréèkì ẹ̀ bá kọ̀ á sá wọ̀.

Bí mo ṣe ń gun òkè, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, èéfín dúdú bo Sienna tó wà lẹ́yìn mi mọ́lẹ̀, rpm (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) gbéra láti 2,000 dé 2,600 ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò sáré sí i rárá. Jíà ló ń yọ̀ yẹn. Kò pẹ́ tí òórùn epo tó jóná fi wọlé bá wa. Mo ní kí n ṣáà dé orí òkè ná, nígbà tí mo wá débẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò, mo ń retí kí ẹ́ńjìnnì fa ọkọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ bíi ti mọ́tò epo bẹntiróòlù, kò fà á. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì yìí ò ní ìdérí tó ń ti ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó kàn ń mí wọlé mí jáde ni, torí náà ọwọ́ tó lè fi di ọkọ̀ mú ò tó nǹkan. Bíréèkì ọkọ̀ nìkan ló ku sí mi lọ́wọ́, bíréèkì tírélà ò ṣiṣẹ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́. Máìlì kejì, pẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Tírélà ńlá kan sáré kọjá lápá òsì, atẹ́gùn ẹ̀ gbá wa, ìdí tírélà mi bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì.

Ọlọ́run ló kó wa yọ. Mo yà ní exit àkọ́kọ́ tí mo rí nísàlẹ̀, èéfín ń jáde lára rìímù iwájú méjèèjì, a jókòó síbẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan títí a fi délé, ìgbà tó máa sọ ọ́, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé wa gba òkè yẹn mọ́ bí mọ́tò yìí bá ṣì wà báyìí." Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì ṣèlérí. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń kọ gbogbo ohun tí mo bá ṣe sára ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Oṣù Kẹrin: gééjì

Ohun tó kọ́kọ́ yé mi ni pé gbogbo ooru tó wà nínú ẹ́ńjìnnì àti jíà lọ́jọ́ yẹn, kò sí ìkankan tí mo fojú rí. Gééjì tó wà nínú dáṣíbọọ̀dù, ooru omi ló ń sọ, omi sì lè wà ní pẹ̀lẹ́ kí písítìn máa jóná lọ. Torí náà gééjì mẹ́ta ni mo rà, ìkan fún ooru èéfín, ìkan fún ooru epo jíà, ìkan fún agbára afẹ́fẹ́ tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì.

Ti èéfín yẹn ló gba sùúrù jù. Inú manifold (irin tó ń kó èéfín jọ lẹ́nu ẹ́ńjìnnì), kí èéfín tó dé tọ́bò, ni ó yẹ kí ojú ẹ̀ wà, torí tí ẹ bá fi í sẹ́yìn tọ́bò, tí ọkọ̀ bá ń fa ẹrù, ó lè fi 200 sí 300°F dín sí òótọ́, ẹ̀yin á rò pé àlàáfíà ni. Láti fi í síbẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ lu ihò sí ara irin, ẹ̀rúnrún irin ẹyọ kan tó bá sì já bọ́ sínú, abẹ́ tọ́bò ló ń lọ. Mo fi gíríìsì kún ẹnu díríìlì, mò ń lù ú díẹ̀díẹ̀, mò ń nù ún, mò ń fi gíríìsì mìíràn sí i, nígbà tó kù díẹ̀ kó yọ mo rọra ń fọwọ́ yí i, mo fi òòfà tó rí bíi bírò wá inú ẹ̀ bíi ìgbà mẹ́wàá. Wákàtí mẹ́ta lọ sórí ihò kan ṣoṣo. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Mo wá gbé Sienna yẹn kan náà padà sórí tírélà, mo gbé e lọ sí òkè kan tí ò jìnnà sí ilé wa, mi ò ju 40 máìlì ní wákàtí kan lọ, mo dán ìpele tuner wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí ìkarùn-ún, ooru èéfín dé 1,450°F kí n tó ka ogójì, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò kíá. Lórí ìkẹta, 1,330. Lórí ìkíní, 1,190. Nígbà tí mo pa tuner náà pátápátá, 1,140. Aluminiọ̀mù, tí wọ́n fi ń ṣe písítìn, máa ń yọ́ ní 660°C, ìyẹn 1,220°F. Kì í ṣe pé písítìn máa ń gbóná tó èéfín o, ẹnu kan wà tó ń tú epo ẹ́ńjìnnì sábẹ́ ẹ̀ kó lè tutù, ṣùgbọ́n ìtutù yẹn ní ibi tó mọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi Cummins fa ẹrù gbà ni pé kí ooru má kọjá 1,250 sí 1,300°F fún ìgbà pípẹ́. Èmi wá ronú pé lọ́jọ́ Monteagle yẹn, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ fún máìlì púpọ̀ lórí ìkarùn-ún. Pé ẹ́ńjìnnì yẹn ṣì wà láàyè, ọpẹ́ ni.

Tuner ti wà lórí ìkíní látọjọ́ náà tí mo bá ti so tírélà, tí mi ò bá so nǹkan kan mo lè gbé e sí ìkejì. Ìkarùn-ún, mi ò lò ó mọ́. Àwọn tó ní Ram tuntun ju tèmi lọ, láti àárín 2007 tí 5.9 ti di 6.7, tiyín ní asẹ́ tó ń mú èédú èéfín lára sàlẹ́ńsà, àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ yọ ọ́ kí tune lè ráyè ṣiṣẹ́. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti Amẹ́ríkà kà á léèwọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Cummins fúnra ẹ̀ gbà ní December 2023 láti san owó ìtanràn $1.675 bílíọ̀nù lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń yẹ òfin èéfín sílẹ̀ nínú Ram 2013 sí 2019. Tèmi ò ní asẹ́ yẹn láti ilé iṣẹ́, torí náà ọ̀rọ̀ yíyọ ọ́ ò kàn mí, mo kàn ní kí n sọ ọ́ torí ẹni tó máa ka èyí tán tó máa lọ gbé sípánà.

Oṣù Karùn-ún: jíà

Ẹ̀gbọ́n kan wà níbí, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ti ń tú jíà láti bíi ogún ọdún. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá wọn. Wọ́n fa ọ̀pá epo jíà yọ, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Àbúrò, kí lo fi ọkọ̀ yìí fà?" Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe jíà yìí. Ohun tí wọ́n ní kó gbé ló ń gbé, ìwọ lo wá di ẹrù ẹlòmíràn lé e lórí."

Nígbà tí wọ́n ṣí pan ẹ̀ (abọ́ epo ìsàlẹ̀ jíà), epo tó yẹ kó pupa ti rí bíi àgbo tó pẹ́ nílẹ̀, òòfà tó wà nísàlẹ̀ ní eruku dúdú tó nípọn lórí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi: torque converter, èyí tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti jíà, ní kílọ́ọ̀ṣì kan nínú tó máa ń dì mọ́ra tí ọkọ̀ bá ti wà lójú ọ̀nà, kí ẹ́ńjìnnì àti jíà lè di ọ̀kan. Ẹyọ kan péré ni ti ilé iṣẹ́, ó lè di 610 mú. Tí tuner bá wá ti torque kọjá ibẹ̀ tí ẹrù sì wà lẹ́yìn, kílọ́ọ̀ṣì náà á máa yọ̀, yíyọ̀ yẹn di ooru, ooru yẹn ń se epo jíà, epo tó ti jinná ò lè di kílọ́ọ̀ṣì yòókù mú, àwọn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ó dà bí ilé tó ń jó láti yàrá kan bọ́ sí èkejì.

A pààrọ̀ converter sí èyí tó ní kílọ́ọ̀ṣì mẹ́ta nínú, ẹ̀gbọ́n tún valve body (ibi tó ń pín epo káàkiri inú jíà) ṣe kí agbára epo lè pọ̀ sí i, a pààrọ̀ gbogbo kílọ́ọ̀ṣì inú jíà, a fi cooler tó tóbi, tó ń mú epo jíà tutù, síwájú rédíétọ̀, a sì da epo jíà ATF+4 tuntun sí i. Iṣẹ́ yìí ló gbówó jù, ó tó ìdá mẹ́ta owó tí mo fi ra ọkọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò gba owó iṣẹ́ ọjọ́ kejì lọ́wọ́ mi, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn.

Nǹkan méjì ni wọ́n kọ́ mi tí mi ò rí kà níbì kankan kí n tó débẹ̀. Àkọ́kọ́, a kì í yẹ epo jíà 48RE wò nígbà tó bá wà ní Park, Neutral ni, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí jíà ti gbóná. Ní Park epo ò lọ inú converter, iye tí ọ̀pá bá sọ irọ́ ni. Ìkejì jáde látinú ìyẹn: tí ẹ bá gun òkè tán tí ẹ yà sílẹ̀ kí jíà lè tutù, ẹ má fi sí Park, ẹ fi sí Neutral kí ẹ fa handbrake, torí ní Park epo ò ṣàn lọ sí cooler. Mo rántí ogójì ìṣẹ́jú tí a fi jókòó nísàlẹ̀ Monteagle. Park ni mo fi sí.

Ìparí oṣù Karùn-ún: kí ẹ́ńjìnnì náà lè dá ọkọ̀ dúró

Mo fi exhaust brake sí i. Ìdérí kan ni, ẹ̀yìn tọ́bò ló ń jókòó sí, tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò ó máa dí ọ̀nà èéfín, písítìn á wá máa ti èéfín tí kò ráyè jáde, ìyẹn á sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ó dára gan-an ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà lórí 48RE, bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, converter máa ń tú kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí kò bá sì so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ táyà mọ́, kí ni exhaust brake fẹ́ dá dúró? Torí náà mo fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i tó ń jẹ́ kí converter dì mọ́ra nígbà tí mo bá ń sọ̀, agbára epo tí ẹ̀gbọ́n fi kún valve body ló jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe láìba kílọ́ọ̀ṣì jẹ́. Tí mo bá mọ̀ ni, ohun tí mo máa kọ́kọ́ rà nìyí kí n tó ro agbára kankan.

Páàdì iwájú, dísíìkì, àti epo bíréèkì tuntun, ọjọ́ kan ni mo fi ṣe ìyẹn, kò ní ìtàn.

Oṣù Kẹfà: bíréèkì tírélà

Ibí yìí ni mo ti lo àkókò jù, ibẹ̀ náà ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ẹ́ńjìnnì tí agbára ẹ̀ pọ̀ máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Tí ọkọ̀ kékeré bá ń fa tírélà tó ní wàhálà, ara ẹ̀ á sọ fún yín, á máa lọ tìkọ̀tìkọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti tune ò ní sọ nǹkan kan, á kàn máa lọ bí ẹni pé ẹrù kankan ò sí lẹ́yìn, ẹ ò ní mọ̀ àfìgbà tí ẹ bá fẹ́ dúró.

Bíréèkì oníná ni tírélà mi ní. Òòfà kan wà nínú dúróòmù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí iná bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ó máa lẹ̀ mọ́ ara dúróòmù tó ń yí, á sì fa ṣúù bíréèkì ṣí. Òòfà kan yẹ kó fa bíi ampere mẹ́ta, mẹ́rin wọn bíi méjìlá. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, márùn-ún ó lé díẹ̀ ni. Mo tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní apá ọ̀tún ẹ̀yìn, rọ́bà tó ń dí gíríìsì mọ́ bẹ́rìn ti já, gíríìsì ti da bo ṣúù bíréèkì pátá, ó ń dán bíi ìlẹ̀kùn tí wọ́n kùn lọ́dà. Ní òsì iwájú wáyà ti já nínú, èèyàn ò lè rí i lóde. Òmíràn, òòfà ẹ̀ ti jẹ tán, a ti ń rí wáyà bàbà inú ẹ̀.

Bí mo ṣe jókòó sílẹ̀ ní gáréèjì tí mò ń wo àwọn nǹkan yìí, mo ń rò ó pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà páùnù ni mo fi tì ara mi lẹ́yìn lórí òkè yẹn láìní bíréèkì kan tó pé.

Mo ra bíréèkì odidi tuntun fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú dúróòmù àti bẹ́rìn, kò wọ́n tó bí èèyàn ṣe rò. Wáyà ni mo tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó lò ó ṣáájú ti gé e lé ara wọn pẹ̀lú tépù dúdú, ẹ́ẹ̀tì ẹ̀ (ọ̀nà tí iná ń gbà padà) kàn wà lára hitch, bọ́ọ̀lù irin tí a fi ń so tírélà, tó ti dípẹtà. Oníwáyà tó mọṣẹ́ ò ní gbà á. Mo fa wáyà nípọn tuntun, mo fa ẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ lọ́tọ̀ dé inú plọ́ọ̀gì ẹlẹ́nu méje, mo fi rọ́bà bo gbogbo ìsopọ̀. Mo tún wọ̀n ọ́n: méjìlá géérégé. Inú mi dùn sí nọ́ńbà yẹn ju ti horsepower lọ.

Bátìrì kékeré tó wà lẹ́nu tírélà náà ti kú. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé tí tírélà bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀, okùn kan máa fa pín-ìnnì yọ, bátìrì yẹn á sì fún bíréèkì tírélà ní iná kó lè dá ara ẹ̀ dúró. Mo fi tuntun sí i, mo sì dán an wò: ẹ kọ́kọ́ yọ plọ́ọ̀gì kúrò lára ọkọ̀ kó má ba controller (ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń darí bíréèkì tírélà) jẹ́, ẹ fa pín-ìnnì, kí ẹ wá gbìyànjú láti ti tírélà. Kò sún rárá. Ṣéènì méjèèjì, mo fi wọ́n kọ́ra lábẹ́ ẹnu tírélà bíi X, kó lè jẹ́ pé tí ẹnu bá bọ́, orí ṣéènì ló máa balẹ̀ sí, kò ní gún ilẹ̀.

Controller wà lábẹ́ sítíárìn báyìí, irú èyí tó ń mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dín eré kù tó sì ń fún tírélà ní bíréèkì ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ṣètò ẹ̀ ni pé mo wá ibi tó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀, mo wà á ní 25 máìlì, mo fi ọwọ́ fún ẹ̀rọ náà, mo ń fi kún un títí táyà tírélà fi fẹ́ dì, mo wá dín in kù díẹ̀. Ẹrù bá yí padà, mo máa tún ṣe é. Ọwọ́ tí mo fi ń fún un yẹn náà ló ń gbani tí tírélà bá ń jù: ẹ má tẹ bíréèkì ọkọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ di sítíárìn mú láìfi í jà, kí ẹ fọwọ́ fún bíréèkì tírélà nìkan, á na ara ẹ̀ tọ́ lẹ́yìn yín.

Oṣù Kẹfà náà: òṣùwọ̀n

Kí nìdí tí tírélà fi jù lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe atẹ́gùn nìkan. Mo gbé ọkọ̀ lọ sí òṣùwọ̀n àwọn onítírélà ní truck stop, mo kọ́kọ́ wọ̀n ọkọ̀ nìkan, mo wá so tírélà pẹ̀lú Sienna bí mo ṣe gbé e lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọkọ̀ nìkan, iwájú 4,340, ẹ̀yìn 2,760, àpapọ̀ 7,100. Nígbà tí mo so tírélà mọ́ ọn, iwájú 4,240, ẹ̀yìn 3,240, tírélà 5,920. Tí ẹ bá ṣírò ẹ̀, 380 péré ni tírélà fi lé ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú 6,300, ìyẹn ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ kó wà láàárín mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá kéré sí bẹ́ẹ̀, ìdí tírélà á máa wúwo ju ẹnu ẹ̀ lọ, á máa ju bí ìrù ẹja.

Ẹ̀yìn ni Sienna jókòó sí jù. Mo fà á síwájú bíi ẹsẹ̀ bàtà kan àti díẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n: iwájú 4,140, ẹ̀yìn 3,720, tírélà 5,540. 760 nìyẹn, ìdá méjìlá. Ṣùgbọ́n sítíkà ara receiver mi, irin ìdí ọkọ̀ tí a ń so tírélà mọ́, sọ pé láìsí ọ̀pá tó ń pín ẹrù, 500 ni kí n mọ, tí ọ̀pá bá wà, 1,000. Mo ra ọ̀pá náà, èyí tó tún ń di tírélà mú kó má jù, ó dá ìwọ̀n iwájú padà sí 4,280, sítíárìn sì padà wúwo lọ́wọ́ mi bó ṣe yẹ. Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí ibi tí táyà Sienna dúró sí lórí pẹpẹ, mọ́tò mìíràn á ní àmì tiẹ̀.

Táyà tírélà, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ojú wọn ṣì dára, àmọ́ nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára wọn sọ pé ọdún kẹjọ wọn ni. Ẹ̀yin tí FRSC ti dá dúró nílé lórí táyà tó ti kọjá ọjọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Mo fi ST205/75R15 load range D mẹ́rin sí i, 2,150 páùnù ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 65 psi, mi ò sì jẹ́ kí eré kọjá 65 máìlì.

Oṣù Keje: Monteagle lẹ́ẹ̀kejì

Èmi nìkan ni mo lọ. Highlander ni mo gbé, kò wúwo tó Sienna, mo kọ́kọ́ gbé e gba orí òṣùwọ̀n. Tuner lórí ìkíní, mo ti tan tow/haul, bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ fún ẹrù fífà.

Kí n tó dé ẹsẹ̀ òkè ni mo ti fà á sí jíà kẹta, rpm 2,200, bíi 55 máìlì. Mo kọ́ ọ pé kí n má dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá ń kérora kí n tó sọ jíà kalẹ̀, rpm tó ga díẹ̀ ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pọ̀, ooru ń dín kù. Ooru èéfín gun, ó gun, ó dúró sí 1,180. Epo jíà 186°F. Èéfín dúdú ò sí. Àwọn kan kọjá lára mi, kí wọ́n máa lọ.

Lórí òkè mo dín eré kù sí 50 kí ìsọ̀kalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, jíà kẹta, mo tan exhaust brake. Ọkọ̀ di ara ẹ̀ mú. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀ bí ẹni tó ń mí láti inú ikùn, rpm wà ní 2,000, nígbà tó bá fẹ́ kọjá mo tẹ bíréèkì kan, ó padà, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò kí bíréèkì sinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tẹ̀ ẹ́ láti òkè délẹ̀. Tírélà ńlá méjì kọjá lára mi, tèmi ò mira. Mo wo ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ yẹn bí mo ṣe ń kọjá, omi bọ́ lójú mi díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Mo yà ní exit kan náà. Neutral, handbrake, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ títí ooru èéfín fi wálẹ̀ sí 300 kí n tó pa á, torí tọ́bò. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan họ́ọ̀bù tírélà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta lọ́ wọ́ọ́rọ́, òsì ẹ̀yìn gbóná jù wọ́n lọ díẹ̀. Mo pe ìyàwó mi. Ó ní, "Ẹ ti sọ̀ ọ́ tán?" Mo ní mo ti sọ̀ ọ́ tán. Ó ní kí n rọra máa bọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé mo máa tú òsì ẹ̀yìn yẹn wò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mo ti ṣúù bíréèkì ẹ̀ súnmọ́ dúróòmù jù, tàbí kí nọ́ọ̀tì bẹ́rìn le jù. Tí Brunswick bá yá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò gbọdọ̀ gbóná bẹ́ẹ̀ mọ́.